Kí á padà sí pẹ́ńṣàn àtijọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè òṣìṣẹ́ kan láti Oǹdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí níbí ní Oǹdó. Ọdún 1995 ni mo wọṣẹ́, ìfẹ̀yìntì mi ò sì jìnnà mọ́. Ọkùnrin kan ń gba ₦5,000 lọ́wọ́ wa fún fọ́ọ̀mù, ó ní òun á fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí Àbújá kí wọ́n lè yọ wá kúrò nínú pẹ́ńṣàn PFA (àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì wa), ká padà sí ti àtijọ́ tó ní gírátúítì, owó ńlá tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìfẹ̀yìntì, torí àwọn PFA ń jẹ owó wa. Ṣé kí n san án? Àti pé owó ìlera tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi, ṣé yóò máa tọ́jú mi lọ tí mo bá fẹ̀yìntì?

Ìdáhùn: Ẹ má san án, mà. Bí ẹ bá ti san án, ẹ lọ gba owó yín padà. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ti sú mi. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ló ka àwọn tí ètò PFA yìí ò kàn: ọmọ ogun, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti díẹ̀ mìíràn. Ẹni tí òfin ò yọ, fọ́ọ̀mù ò lè yọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n tú síta ní Àbújá nínú oṣù Keje 2025, àwọn aṣòfin ni wọ́n lọ bá pé kí wọ́n yọ ọlọ́pàá kúrò nínú ètò yìí, wọn ò ra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

PFA kì í di owó yín mú o. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní kọsitódíà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ PFA ni láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣòwò lé lórí, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ yẹn lẹ fẹ́ bá wọn jà lé lórí, mo wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀rọ̀ gírátúítì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òótọ́ ni, ti àtijọ́ pọ̀ lórí ìwé. Ẹni tó bá ṣe ọdún 35, owó oṣù ọdún mẹ́ta ni gírátúítì rẹ̀, á tún máa gba ìdá 80 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ká ní ₦100,000 ló ń gbà lóṣù: gírátúítì á jẹ́ ₦3,600,000, pẹ́ńṣàn á jẹ́ ₦80,000 lóṣù. Nínú ètò tuntun, ìdá 8 ni tiyín, ìdá 10 ni ti ìjọba, ₦18,000 lóṣù nìyẹn. Ẹ kó o jọ fún ọdún 35, láìka èrè, ó di ₦7,560,000. Tí ẹ bá yọ gírátúítì àtijọ́ yẹn kúrò nínú rẹ̀, ìyókù ò lè san ₦80,000 lóṣù ju ọdún mẹ́rin àti oṣù kan lọ.

Níbo wá ni ètò àtijọ́ ti fẹ́ rí ìyókù? Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni. Wọn ò kó kọ́bọ̀ kan pamọ́ síbì kankan dè yín. Ọdún tí ìjọba bá lówó, á san. Ọdún tí kò bá ní, ẹ jókòó dè é. Ẹ wá sí Àkúrẹ́, kí ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ tó ti ń retí gírátúítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn mìíràn ò sí láyé mọ́ láti dá yín lóhùn.

Ohun tó wá ń bí mi nínú nìyí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù Kẹfà 2004 tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ tó dé, ọ̀nà méjì lowó yín pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Ìkejì ni ẹ̀tọ́ àwọn ọdún tí ẹ ti sìn ṣáájú ìgbà náà, tiyín jẹ́ bí ọdún mẹ́sàn-án. Ìyẹn wà lọ́rùn ìjọba; òfin ní kí wọ́n máa kó, ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn sí Báńkì Àpapọ̀ fún un. Wọn ò kó o bó ṣe yẹ. Gbèsè yìí àtàwọn mìíràn tó jọ ọ́ gorí ara wọn, ó di kí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí yíyá ₦758 bílíọ̀nù nínú oṣù Kejì 2025. Àwọn tó fẹ̀yìntì, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù lọ máa jókòó sí ọ́fíìsì PFA tí wọ́n ń bú PFA, ẹ̀tọ́ àtijọ́ yẹn ló há. Ìyókù pẹ́ńṣàn àtijọ́ gan-an ló dá wọn dúró, òun náà lẹ sì fẹ́ san ₦5,000 láti padà sí!

Mi ò sọ pé ti tuntun dára tó. Pẹ́ńṣàn kéré, ọ̀wọ́n gógó sì ti jẹ ẹ́ run. Tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá fẹ́ jà, kí wọ́n jà kí ìjọba fi kún ìdá 10 yẹn, torí òfin ò ní kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sì jà fún owó pẹ́ńṣàn tó kéré jù tí òfin 2014 náà ṣèlérí.

Ti ìlera: rárá, mà. Torí iṣẹ́ yín lẹ ṣe wà nínú adójútòfò yẹn; tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má fọkàn sí i. Ẹ bi HMO yín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera yín, ní ọjọ́ tí káàdì yín máa dópin. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 ka àwọn àgbàlagbà mọ́ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò ní gba òfin lọ́wọ́ yín, káàdì ló máa bèèrè. Ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ kó tó di pé àìsàn ló máa lé yín débẹ̀.

Mi ò rí fáìlì yín o, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi bá ẹnikẹ́ni jà. PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, ló ní àṣẹ lórí iye tó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ yín, àwọn ìwé ìgbéga, àti páyísílíìpù oṣù Kẹfà 2004. Tí ìyẹn bá ti sọnù, ẹ tètè lọ bá àwọn tó ń rí sí owó oṣù ní ọ́fíìsì yín, kí ẹni tó mọ ibi tí ìwé àtijọ́ wà má baà fẹ̀yìntì ṣáájú yín.