Ṣé odindi àlìkámà lè sọ sukhdi di ohun tí ọkọ mi lè máa jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Leicester là ń gbé. Ìyá kan tó jẹ́ ará Gujarat ní Íńdíà ló múlé tì wá. Gbogbo ọdún Diwali, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ wọn, ni wọ́n máa ń gbé abọ́ sukhdi, ìpanu dídùn tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe, wá fún wa, ọkọ mi àti àwọn ìbejì sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kéèkì lọ. Ìyá náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ife ìyẹ̀fun méjì, ife ghee (bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́) kan, ife gur (ṣúgà ìrèké pupa) kan. Lóṣù tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé HbA1c (òṣùwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀) ọkọ mi ti di 44, dókítà sì ní kó ṣọ́ra fún àtọ̀gbẹ. Mo wá ra ìyẹ̀fun chapati tó pọ́n díẹ̀, mo ra gur, mo ní n óò máa ṣe é fúnra mi kó lè ṣara lóore. Ti àkọ́kọ́ le bí òkúta. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tútù ló ń ta lẹ́nu. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe? Nígbà tó sì jẹ́ odindi àlìkámà àti gur ni, tí kò sí ṣúgà funfun níbẹ̀, ṣé ó lè máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn, nítorí ibẹ̀ ló kan ìlera Bàbá Ìbejì. Rárá o, kò lè máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Àmọ́ kò pọn dandan kó pa á tì pátápátá. Láàárín 42 sí 47 ni HbA1c máa ń wà fún ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí àtọ̀gbẹ kò tí ì mú. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì lè padà sẹ́yìn. Ẹ sọ fún dókítà yín pé kó fi orúkọ rẹ̀ sí ètò Healthier You tí NHS (iṣẹ́ ìlera ìjọba) ń ṣe ní England fún irú wọn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti gur, omi ìrèké ni wọ́n sè títí ó fi ki, tí wọ́n wá dà á síbi tó ti dì. Nítorí pé wọn kò yọ́ ọ mọ́ bíi ṣúgà funfun, ó ní àwọ̀, ó ní òórùn, iron díẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ṣúgà ló kún inú rẹ̀, ohun kan náà ló sì ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń wá iron, kó jẹ ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyin rí, dàbínù náà kò sì yọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní fáíbà tirẹ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn gur ni pé adùn rẹ̀ jinlẹ̀, díẹ̀ rẹ̀ máa ń tó. Ẹ máa lò ó, ẹ kàn dín in kù.

Ó wá ku ìyẹ̀fun. Ẹ lọ yí àpò tí ẹ rà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Oríṣi ìyẹ̀fun chapati mẹ́ta ló wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ àwọn ará Íńdíà níbí: wọ́n á kọ white, medium tàbí wholemeal sí i lára. Medium pọ́n díẹ̀, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ nínú èèrí rẹ̀. Òfin UK ní kí wọ́n fi calcium, iron, thiamin àti niacin kún ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣùgbọ́n òfin náà yọ wholemeal sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí calcium carbonate nínú ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe odindi hóró lẹ rà. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré: fáíbà inú 100 gíráàmù odindi àlìkámà máa ń tó 10 gíráàmù, ti funfun kì í ju nǹkan bíi 3 lọ.

Àmọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ odindi hóró, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúná. Ohun tí ọlọ ti fọ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dà nínú, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yá bíi ti funfun. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ̀fun náà, kí wọ́n fi besan rọ́pò rẹ̀. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chickpea ni besan. Purotéènì rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ti ń fi í ṣe laddu, ìpanu dídùn róbótó, tipẹ́, ìyá tó múlé tì yín kò ní bínú.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi yíyan, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ rántí àádùn. Àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀, epo pupa, oyin tàbí ṣúgà díẹ̀. Ìyá tó bá yan àgbàdo rẹ̀ dáadáa kì í da oyin púpọ̀ sí i, nítorí iná ti mú adùn hóró náà jáde. Ọmọ ìyá àádùn ni sukhdi: ìyẹ̀fun, ọ̀rá àti adùn, láìsí omi. Bí ẹ bá yan ìyẹ̀fun náà dé ojú ẹ̀, ẹ lè dín gur kù gan-an kí ẹnu má sì mọ̀. Bí ẹ kò bá yan án tó, ẹ lè da gbogbo gur inú ìsọ̀ sí i, ìyẹ̀fun tútù ni yóò máa ta. Ohun tó ṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì yín nìyẹn. Iná yín ga, àwọ̀ ti yí padà kí inú ìyẹ̀fun tó jinná.

Ti àkọ́kọ́ tó le, gur lẹ jẹ́ kó hó lórí iná. Gur tó bá hó pẹ́ á di súìtì, bó bá tutù tán, eyín kò ní í ràn án. Orí iná kọ́ ló ti ń wọ ìkòkò. Ẹ pa iná ná.

Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ife sílẹ̀: odindi àlìkámà 170 gíráàmù, besan 80, ghee 140, gur tí ẹ rin wẹ́wẹ́ 100, yànmọ̀tí yíyan 40, wàrà lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣíbí ìjẹun méjì, àti cardamom tàbí ariwo díẹ̀ fún òórùn. Ẹ yọ́ ghee nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, lórí iná jẹ́jẹ́. Ẹ da besan sí i, ẹ yan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó da àlìkámà sí i. Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ o, ẹ máa rò ó bí ẹni ń yan gààrí. Ní àkọ́kọ́ á máa ṣù, á dà bíi pé ghee kò tó. Ó tó. Ẹ má fi kún un. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ghee tó ti mu á tún máa dán lára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 12 sí 15 lẹ́yìn tí àlìkámà wọlé, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ẹ̀pà yíyan, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé. Òórùn yìí kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ẹ bẹ ìyá yẹn kí wọ́n dúró tì yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ fún yín ìgbà tó bá tó.

Ẹ pa iná, ẹ wọ́n wàrà sí i (á ta, ẹ fa ojú sẹ́yìn), ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá da gur, yànmọ̀tí àti cardamom sí i. Ooru tó kù nínú ìkòkò tó láti yọ́ gur. Ẹ dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ fi ìdí abọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gé e sí ọ̀nà 30 nígbà tó ṣì gbóná. Á rún díẹ̀ ju ti ìyá yẹn lọ, nítorí gur ló ń so ó pọ̀, a sì ti dín in kù. Tìtorí wàrà yẹn, inú fíríìjì ni kó máa wà, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹyọ kan á ní kálórì bí 90, gur rẹ̀ á lé díẹ̀ ní gíráàmù mẹ́ta, ghee kò ní pé márùn-ún. Bí ẹ bá gé èyí tí ìyá yẹn ń fi ife wọ̀n sí 30 bákan náà, gur ẹyọ kan á sún mọ́ mẹ́fà, ghee á lé ní méje. Fún Bàbá Ìbejì, ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe lórí òfìfo, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun jéró, tí wọ́n ń pè ní bajra níbẹ̀, ẹ lè fi rọ́pò àlìkámà, nítorí sukhdi kò nílò pípò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni jéró ti kọ́kọ́ di ohun ọ̀gbìn kó tó dé Íńdíà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí i ní ìsọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi odindi ìyẹ̀fun dán jalebi tàbí gulab jamun wò, àwọn ìpanu Íńdíà tí wọ́n ń dín. Wọ́n á wúwo, inú omi ṣúgà náà ni wọ́n sì máa pàpà wọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò sọ fún mi ni tíì. HbA1c ń sọ bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti ọjọ́ Diwali nìkan. Bí Bàbá Ìbejì bá ń mu ife tíì mẹ́ta lóòjọ́, tó ń bu ṣíbí ṣúgà kékeré méjì sí ìkọ̀ọ̀kan, gíráàmù 24 nìyẹn, ìmọ̀ràn UK sì ni pé kí àgbàlagbà má jẹ ju 30 irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ẹ fi ṣíbí kan bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà ààbọ̀, títí ahọ́n rẹ̀ á fi gbàgbé rẹ̀.