Ẹṣin kan náà, d5 kan náà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni mo wà. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Abẹ́òkúta jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì àfiránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo mú dúdú. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ (ibi tí n kò bá ti dárúkọ ọmọ ayò, pọ́ọ̀nù, ọmọ ayò kékeré, ló rìn): e4, e5, ẹṣin f3, ẹṣin c6, bíṣọ́ọ̀bù c4, ẹṣin f6, ẹṣin g5, d5, ó jẹ d5, mo fi ẹṣin jẹ ẹ́ padà. Ló bá fi ẹṣin jẹ f7, n kò sì rọ́wọ́ họrí mọ́ títí ó fi pa mí láyò. Ẹ̀rọ inú fóònù ní ìgbésẹ̀ karùn-ún ni mo ti ṣìṣe, àmọ́ kò sọ ìdí. Báwo ni kí n ṣe yẹ eré náà wò? Kí ni kí n sì ta nígbà mìíràn?

Ìdáhùn láti Àjàṣẹ́: Àbúrò mi, pa ẹ̀rọ yẹn tì ná. Gbé ọpọ́n gidi kalẹ̀, to eré náà dé ibi tí funfun ti jẹ d5, kí o wá kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ náà sínú ìwé. Ó jọ mí pé ohun tí o máa kọ ni pé, "ó jẹ tèmi, mo jẹ tirẹ̀." Èrò yẹn gan-an ni kó o yẹ̀ wò, torí ẹ̀rọ kò mọ ohun tí o rò, ohun tí o rò yẹn ló sì máa tún dé lọ́jọ́ mìíràn.

Wo bíṣọ́ọ̀bù funfun ní c4. Ojú rẹ̀ gba d5 kọjá sí e6, ó dé f7. Nígbà tí ọba rẹ jẹ ẹṣin ní f7, ó ti wọ ojú ọ̀nà yẹn, ẹṣin rẹ ní d5 nìkan ló sì dí i. Kò lè mira mọ́. Ayaba wá jáde sí f3: ó halẹ̀ mọ́ ọba, ó sì tún ń wo ẹṣin d5 kan náà. Bí o kò bá fẹ́ pàdánù ẹṣin yẹn, àfi kí ọba fúnra rẹ̀ rìn wá sí e6, sí gbangba, kí funfun sì tún gbé ẹṣin rẹ̀ kejì wá sí c3. Ó ṣòro púpọ̀ kéèyàn gbèjà irú ọba bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o rí gan-an rèé. Nínú ìdíje àgbáyé karùn-ún ti ṣẹ́ẹ̀sì àfiránṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965 tó sì parí ní 1968, Hans Berliner ará Amẹ́ríkà mú dúdú lọ́wọ́ Yakov Estrin ará Soviet, wọ́n sì dé ibi tí ìwọ náà dé. Berliner kò jẹ d5. b5 ló ta. Bíṣọ́ọ̀bù padà sí f1, ẹṣin c6 fò sí d4, funfun ta c3, ìgbà yẹn ni Berliner wá fi ẹṣin f6 jẹ d5. Jíjẹ kan náà ni, ìgbésẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tìrẹ! Bíṣọ́ọ̀bù ti kúrò ní c4, kò sí ohun tó lè de ẹṣin náà mọ́lẹ̀. Ó borí eré yẹn, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé náà. Torí náà, tí o bá ń yẹ eré rẹ wò, má bi ara rẹ pé ṣé jíjẹ yìí dára. Béèrè ẹni tó ń wo ibẹ̀, àti bóyá o lè kọ́kọ́ lé e kúrò.

Ní ti ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ eré, kò sí ẹni tó ní kó o há a sórí. Nínú eré àfiránṣẹ́, ṣíṣí ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. ICCF, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àfiránṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, tiẹ̀ gba ẹ̀rọ láàyè pàápàá. Ìwọ àti ìbátan rẹ ni kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹ̀rọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa kọ ìgbésẹ̀ pẹ̀lú, torí R nínú ìwé Faransé tiwa ni ọba, àmọ́ ilé-ìṣọ́ ni nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Nọ́ńbà ICCF kò ní wàhálà yẹn: 5254 ni e2 sí e4.

N kò ní kó o mú b5 Berliner o. Eré tó gba ìṣirò púpọ̀ ni, ó sì tètè ń dojú rú. Nígbà mìíràn, gbé ẹṣin c6 lọ sí a5, kí o fi lé bíṣọ́ọ̀bù náà. Ó máa halẹ̀ mọ́ ọba láti b5, ìwọ ta c6. Ó jẹ ẹ́, ìwọ fi pọ́ọ̀nù b jẹ ẹ́ padà. Pọ́ọ̀nù kan ti dín lọ́wọ́ rẹ, má bẹ̀rù, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ sá. Bó bá sá sí e2, ta h6: ẹṣin g5 á padà sí f3, e4 rẹ á sì tún lé e níbẹ̀.