Bọ̀ọ̀dá tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn: báwo la ṣe fẹ́ ṣòfin láìfẹ̀sùn kàn án?

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ni mí. Ọmọ 40, láti ọmọ ọdún 10 dé 17, ló ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, eré orí ìtàgé àti ìrìnàjò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà mẹ́rin la jọ ń bójú tó wọn, kò sẹ́ni tó ń gbowó. Ọ̀kan nínú wa, bọ̀ọ̀dá tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọmọ kan tàbí méjì lọ sílé tílẹ̀ bá ti ṣú, ó sì máa ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp títí di òru. Ìyá ọmọ kan ti ń kùn. A ò rí i kó ṣe ohun burúkú kankan. Tá a bá wá ṣòfin báyìí, ṣé kò ní dà bíi pé a pè é ní oníṣekúṣe? Kí ló sì yẹ kó wà nínú òfin náà tí ẹgbẹ́ ò fi ní sú àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọmọ, irú ìbéèrè yìí sì ni wọ́n máa ń rọra bi mí ní kọ̀rọ̀ nígbà tí ìpàdé bá ti tú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń bà yín lẹ́rù. Òfin tó bá kan gbogbo yín, alága àti ẹ̀yin náà pẹ̀lú, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ kò pe aládùúgbò rẹ̀ lólè. Òfin tó máa ń di ẹ̀sùn ni èyí tí wọn ò ṣe títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ayé fi mọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ tètè ṣe tiyín.

Ẹ ní ẹ ò rí i kó ṣe ohun burúkú. Mo gbà yín gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti bá ṣe ìṣekúṣe, ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ilé wọn sì fọkàn tán, ló ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi tipátipá bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ẹgbẹ́ ò lè ṣe láìsí. Yóò fa ojú òbí mọ́ra, yóò yan ọmọ kan láàyò, yóò fún un lẹ́bùn kékeré, yóò wá sọ àṣírí kan tí kò tó nǹkan fún un, kó lè mọ̀ bóyá ọmọ náà máa ń pa àṣírí mọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wá díjú ni pé ẹni rere tó fẹ́ràn ọmọdé náà ń ṣe díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Ẹ ò lè dúró lóòró kẹ́ ẹ fojú mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, èmi náà ò lè ṣe é. Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfura nìkan ò tó. Ètò tí kò fàyè sílẹ̀ fún ìkọ̀kọ̀ ló ń dáàbò bo ọmọ, ẹni yòówù kó wà nídìí rẹ̀.

Boy Scouts of America, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ti ń jẹ́ Scouting America báyìí, rí i he lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn aṣáájú tí wọ́n fura sí sínú fáìlì kan tí ará ìta ò gbọ́dọ̀ rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ilé ẹjọ́ ló mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé fáìlì náà jáde lọ́dún 2012. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kejì ọdún 2020 pé àwọn ti jẹ gbèsè wọko, àwọn tó jáde wá sọ pé wọ́n bá àwọn ṣe ìṣekúṣe nígbà èwe lé ní 80,000. Ìpìlẹ̀ òfin tí wọ́n ń lò báyìí, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ káàkiri ayé náà ń lò, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Àgbàlagbà méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níbi ètò gbogbo. Àgbàlagbà kan àti ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ dá wà níbi tí ojú ẹlòmíì ò tó.

Ká wá mú un dórí ọkọ̀. Òbí ló ni ètò bí ọmọ ṣe máa délé, inú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ló sì yẹ kí orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ wà. Torí pé ilẹ̀ ń ṣú ni bọ̀ọ̀dá ṣe ń gbé wọn, àbí? Ẹ tètè máa parí ètò, ìdajì ìṣòro yẹn yóò tán. Bí òbí kan bá pẹ́, kí àgbàlagbà méjì dúró ti ọmọ náà, kí wọ́n máa pe nọ́ńbà méjèèjì tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn ju ọkọ̀ lọ, kí òbí fọwọ́ sí i lórí fóònù, kí àgbàlagbà kejì wọkọ̀ pẹ̀lú wọn, kí ẹ kọ àsìkò tí wọ́n gbéra àti èyí tí wọ́n dé sílẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé bó bá ti gbé ọmọ méjì, ó ti parí. Ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.

Ti fóònù ló le jù, torí àwọn ọmọ ò kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, kí àgbàlagbà méjì ó kéré tán wà níbẹ̀, kí òbí tó bá fẹ́ náà wọlé. WhatsApp fúnra rẹ̀ ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ dá lò ó, nítorí náà òbí àwọn kéékèèké ni kẹ́ ẹ máa fi ìkéde ránṣẹ́ sí. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ láàárín àgbàlagbà kan àti ọmọ kan, kò sí èyí tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́, kò sì sí ti òru. Ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ́kọ́ kọ̀wé o: “Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan, ẹ má sọ fẹ́nì kankan.” Kí bọ̀ọ̀dá má torí òfin dákẹ́, torí ó lè jẹ́ ẹni tó wà nínú ewu ló ń kígbe. Kó dá a lóhùn báyìí: “Mo ti rí ọ̀rọ̀ ẹ, o ṣeun tó o kọ̀wé. Màá fi àǹtí wa sí i ká lè jọ gbọ́ ẹ. Ṣé kò séwu níbi tó o wà?” Kó sì pe ẹnì kejì náà lójú ẹsẹ̀.

Iye yín ńkọ́? Àjọ NSPCC tó ń gbèjà ọmọdé ní Britain dábàá àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́jọ tó wà láàárín ọdún 9 sí 12, àti ọ̀kan fún mẹ́wàá láàárín ọdún 13 sí 18. Ká ní 16 nínú àwọn 40 yín kò tíì pé 13, ẹ nílò méjì fún wọn àti mẹ́ta fún àwọn tó kù. Ẹ̀yin mẹ́rin ò tó nìyẹn, ká má tíì sọ ti ọjọ́ tí ẹnì kan bá ṣàìsàn. Ẹ má fi àwọn ọmọ ọdún 17 dí i. Lójú Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989, ẹni tí kò bá tíì pé 18, ọmọdé ni, bó ti wù kó ga tó. Ẹni tuntun tó bá fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́, kó mú ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n wá, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n ní tòótọ́. Bí ìjọba yín bá ní ètò àyẹ̀wò ọlọ́pàá, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀ rí nìkan ni àyẹ̀wò ń fi hàn.

Níbi eré orí ìtàgé, ibi ìpààrọ̀ aṣọ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Kí fóònù má wọbẹ̀, kí àwọn ńlá má bá àwọn kékeré pààrọ̀ aṣọ pọ̀, torí ọmọ náà máa ń ni ọmọ lára. Lórí pápá, ẹni tó bá forí gbá, tí òòyì ń kọ́ tàbí tó ń bì, kò padà sínú eré lọ́jọ́ náà mọ́, bó tilẹ̀ ń búra pé ara òun ti yá. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ. Bí ìrìnàjò yín bá kan omi, ẹ yan ẹnì kan tí kò ní ṣiṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo omi, kó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo, kì í sì í juwọ́, ó kàn máa ń dákẹ́ wọlẹ̀ ni.

Ní ti kí ẹgbẹ́ má sú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ òfin náà. Àdéhùn kan náà tí mo dárúkọ lókè, abala 12 rẹ̀, fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó bá kàn án. Ẹ bi wọ́n pé ibo nínú ọgbà yìí ni ara wọn kì í balẹ̀. Wọ́n á dárúkọ ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á dárúkọ igun kan tí ẹ ò ronú kàn rí.

Ẹ tún yan ẹnì kan tí gbogbo ọmọ mọ̀ pé òun ni àwọn lè sọ fún, àti ẹlòmíì tí wọ́n lè lọ bá bó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Bí ọmọ bá sọ nǹkan, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má ṣèlérí àṣírí, torí ẹ ò ní lè pa á mọ́. Ẹ má da ìbéèrè bò ó bí agbẹjọ́rò, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Ọ̀rọ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì fi tó àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé tàbí ọlọ́pàá létí. Ẹ má pe ẹni tí wọ́n dárúkọ wá sọ tẹnu rẹ̀, ẹ má sì pe ìpàdé ká lè parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ìpàdé yẹn ló ń ba ẹ̀rí jẹ́, òun náà ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìyá tó ń kùn yẹn kẹ́ ẹ tó bá bọ̀ọ̀dá sọ ohunkóhun. Ẹ bi í pé kí ló rí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tàbí “fi fọ́tò ara ẹ ránṣẹ́ sí mi” ló wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òfin ẹgbẹ́. Kó má pa nǹkan kan rẹ́, kẹ́ ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé òru tí bọ̀ọ̀dá fi ń kọ̀wé nìkan ló ń bí i nínú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti alága jókòó ti bọ̀ọ̀dá kí òfin tó jáde. Ẹ má pẹ́ ẹ sọ. “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la fẹ́ máa tẹ̀ lé òfin tuntun kan. Ó kan ọkọ̀ yín àti fóònù yín, ó kan tiwa náà. Ó ń dáàbò bo ẹ̀yin náà, torí bẹ́nì kan bá dédé purọ́ mọ́ yín lọ́la, ẹlẹ́rìí máa wà.” Inú lè bí i, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, inú bíbí ò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ohun tó bá ṣe láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ń bá a lọ láti máa gbé ọmọ kan ṣoṣo, tàbí tó ń kọ̀wé ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti kìlọ̀, ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ọmọdé, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tó àwọn aláṣẹ létí, kó má baà kàn lọ di bọ̀ọ̀dá nínú ẹgbẹ́ mìíràn.