Nípa adágún omi inú àwòrán ọgbà, àti ọ̀dà tí ó ń là

Ẹ̀yin arábìnrin wa láti Ọ̀fà, ẹ ní adágún omi tí ẹ fi ọ̀dà olóróró yà sínú àwòrán ọgbà yín dà bí aṣọ aró tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ sì ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Omi kò ní àwọ̀ tirẹ̀; ohun tí ó dúró lókè rẹ̀ ni ẹ ó yà sínú rẹ̀. Bí igi máńgòrò bá wà létí omi, ẹ fa òjìji rẹ̀ wá sísàlẹ̀ tààrà, kí ibi tí ó mọ́lẹ̀ lára igi ṣókùnkùn díẹ̀ nínú omi, kí ibi tí ó dúdú sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí ó fẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá ní ìbú. Claude Monet, ará Faransé tí ó ya adágún ọgbà rẹ̀ ní Giverny títí ó fi kú ní ọdún 1926, kì í ya ojú ọ̀run rárá nínú púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà. Inú omi ni a ti ń rí ìkùukùu.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà ìsàlẹ̀ àwòrán yín, èyí tí ẹ kọ́kọ́ kùn, ni ó ń kọ mí lóminú jù. Ọ̀gá kan tí ó kọ́ wa ní Ìlọrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ògbóǹtarìgì, ni ó ní kí a da òróró linseed, òróró tí a fi ń po ọ̀dà, púpọ̀ sínú ọ̀dà àkọ́kọ́ kí ó lè máa dán, nígbà tí tọpẹntáìnì, omi tí ó ń mú ọ̀dà ṣàn, sì wọ́n, ó ní kẹrosíìnì náà yóò ṣe é. Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ nípa pé omi fà kúrò lára rẹ̀. Òróró inú rẹ̀ ni ó ń gba afẹ́fẹ́ sára tí ó sì ń le díẹ̀díẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá ní òróró ju òkè lọ, òkè yóò ti le nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń yí padà, yóò sì là. Bí ọ̀gá náà ti wí ni mo ṣe nígbà tí mo ya etí odò Asà, pẹ̀lú àwọn igi rẹ̀. Ọyẹ́ dé, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ìlà tín-ín-rín sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ewé ti kan ojú ọ̀run. Mo fi èékánná kàn án, àwọ̀ ewé ṣí sókè, abẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Ọ̀gá wa ní ọyẹ́ ni ó fà á!

Nítorí náà, ẹ fi tọpẹntáìnì nìkan po ọ̀dà àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n kọ burnt umber sí lára, ọ̀dà aláwọ̀ búráùn, máa ń tètè gbẹ. Òróró díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ọ̀dà olómi kun orí olóróró láéláé, nítorí yóò bó. Yíya igi kò ṣòro: ẹ kọ́kọ́ ya òkùnkùn inú ewé, kí ẹ tó fi ìmọ́lẹ̀ sí i. Àkísà tí ó mu òróró linseed lè gbóná fúnra rẹ̀ kí ó sì gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ, ẹ má ká a jọ sí igun ilé.

Bí àwọn tí ń gba àwòrán fún àfihàn bá ní kí ẹ fi fánísì, ohun tí a fi ń bo ojú àwòrán tí ó ti gbẹ, kùn ún kí ó lè dán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pàṣẹ fún mi, ẹ sọ fún wọn pé ó di oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán.