Kí ni ọnà ń wá lára òkúta ìtọ̀, ìyẹn òkúta tí wọ́n ń tọ̀ sí, ní Ritigala?

Ìbéèrè náà ni pé: nínú ahoro ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà tó wà nínú igbó Ritigala, ní Síríláńkà, kò sí ère, kò sí igi bodhi tí í ṣe igi mímọ́ ẹlẹ́sìn Búdà, òkúta gbogbo ló tẹ́jú lásán. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibi ìtọ̀ ni wọ́n fín lọ́nà?

Orúkọ àwọn tó gbébẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tú. Pamsukulika ni wọ́n ń jẹ́. Ní Pali, èdè ìwé mímọ́ wọn, "pamsu" ni eruku, "kula" ni òkìtì. Ààtàn gan-an nìyẹn. Alákìísà ààtàn ni wọ́n. Wọ́n á ṣa aṣọ ní ààtàn àti ní itẹ́ òkú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gé ibi tó ti gbó dànù, wọ́n á rán ìyókù pọ̀, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kó lè pọ́n. Ẹ̀jẹ́ náà ní ipele 3. Ẹni tí tirẹ̀ le jù kì í mú ju ti itẹ́ òkú lọ. Ẹni àárín lè mú èyí tí èèyàn fi sílẹ̀ sójú ọ̀nà kí mọ́ńkì lè rí i. Ẹni tí tirẹ̀ rọ̀ jù lè mú èyí tí wọ́n gbé síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè gba aṣọ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ẹ̀jẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọba Sena Kìíní ló kọ́ ilé yìí fún wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Pèpéle òkúta méjì-méjì ni, tí afárá òkúta so pọ̀.

Irú òkúta ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Anuradhapura, olú-ìlú Síríláńkà àtijọ́, pẹ̀lú, wọ́n sì fín ojú ilé ńláńlá sára òmíràn. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fún un ni pé àwọn mọ́ńkì ìlú ti rì sínú ọrọ̀ àti ilé aláràbarà, àwọn ará igbó wá ń tọ̀ sórí ọlá náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ó bá orúkọ wọn mu: aṣọ ààtàn lọ́rùn, ilé ọlá lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àwọn àlejò kan máa ń rò pé pẹpẹ ìrúbọ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n fín fún ẹsẹ̀ méjèèjì, àti ihò tó dá sí i lórí. Ní Anuradhapura, ìkòkò tí wọ́n tò léra ló wà nísàlẹ̀ ihò náà, pẹ̀lú yanrìn, ẹfun àti èédú nínú wọn, kí ìtọ̀ lè sẹ́ kó tó wọlẹ̀.