Kí o tó sanwó ọkọ̀ ìgbòkun yẹn, wo wáyà abẹ́ rẹ̀

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o rí ọkọ̀ ìgbòkun Catalina 22 kan, tòkunbọ̀, lórí tírélà ní Ìkòròdú, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 5 máa tó fún un lórí ọ̀sà, àbí kí o ra 15. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti bá ọ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà?

Èmi sanwó fún ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọkọ̀. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀ kó-kó-kó, ó tú ìgbòkun wò, ó ní, "Ó dáa, ẹ rà á." Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn títí dòní.

Bí tìrẹ bá jẹ́ irú èyí tí kíìlì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, irin tó tó kìlógíráàmù 250 ló wà lábẹ́ rẹ̀ yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, omi gbọ́dọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí o bá wọ́ ọ sókè, ẹsẹ̀ bàtà 2 ti tó, ìyẹn ló fi bá ọ̀sà wa tí kò jìn mu. Wáyà kan ṣoṣo ló ń fa irin náà sókè, ó gba inú rọ́bà kan wọnú ọkọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ mi ń padà bọ̀ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, a ti ń wo Third Mainland níwájú. Mo ń yí wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń wé wáyà náà, láti gbé kíìlì sókè. Mo gbọ́ "pá!" Wíńṣì dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Gbì! Irin já wálẹ̀, gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n. Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi ní, "Dádì, bàtà yín ti ń léfòó." Rọ́bà ti yọ, omi dúdú ń hó wọlé. Mo ń fọwọ́ táràrà wá ihò náà, mi ò rí i. Bàbá Ègùn kan tó ń ti Mákòkó bọ̀, àpò ìrẹsì ló rán pọ̀ ṣe ìgbòkun ọkọ̀ pákó rẹ̀, ló fò wọ tiwa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ki ọwọ́ bọ omi dé èjìká, ó dí i pa. Ó wá ní, "Ẹ gbọ́n ọn." A gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wáyà náà ń dán bí fàdákà lókè. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ irin, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ìdajì rẹ̀ ti já tipẹ́. Iyọ̀ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣeré. Pààrọ̀ wáyà, rọ́bà àti kílíìpù rẹ̀ méjèèjì kí ọkọ̀ tó kan omi. Mi irin náà sí ọ̀tún sí òsì; bí ó bá ń mì lọ mì bọ̀, pín tó gbé e rọ̀ ti gbó.

Tírélà: bíárìn, gíríìsì, iná ẹ̀yìn. O mọ̀yẹn.

Ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, múra sílẹ̀. Níbi tí mo lọ, fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀. Mo ní ìgbòkun ló ń gbé e. Akọ̀wé ní ọkọ̀ tí ò ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ, kò sí ẹni tó bi mí bóyá a ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì.

Jọ̀ọ́, má gbé òpó ìgbòkun dúró lábẹ́ wáyà iná. Álúmíníọ̀mù ni. Bí ó bá ti wà lóòró, tírélà náà ò gbọdọ̀ yí táyà kan títí o fi wòkè dáadáa.

Ẹ́ńjìnnì 5 tó, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni kí o rà, kí fáànù rẹ̀ tó ń yí nínú omi má bàa máa yọ síta bí ìgbì bá dé. 15 á wúwo jù, á tẹ ìdí ọkọ̀ rì. Bí koríko olódòdó àlùkò bá ti bo omi, pa ẹ́ńjìnnì, kí koríko náà tó wé mọ́ fáànù.

Ya fọ́tò ibi tí wáyà ti so mọ́ irin, fi ránṣẹ́ kí o tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní o ò lè dé abẹ́ ọkọ̀, máa bá tìrẹ lọ.