Páì ápù tí kò ní ápù nínú: iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi bísíkíìtì Ritz ṣe páì ápù láìfi ápù kankan sí i. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló fa irú àṣà bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni. Wọ́n á ṣẹ́ bísíkíìtì bí 36 sínú àwo páì. Wọ́n á se omi àti ṣúgà pọ̀ mọ́ cream of tartar, ìyẹn lúbúlúbú kan tó máa ń kan lẹ́nu, wọ́n á fún lẹ́mọ́nì sí i, wọ́n á wá dà á lé bísíkíìtì náà. Sínámọ́nì àti bọ́tà ló kù, kí wọ́n tó fi ìyẹ̀fun pípò bò ó lójú, kó wọ inú ààrò. Bísíkíìtì á mu omi ṣúgà yẹn yó, á rọ̀ bí ápù tó jinná. Kíkan lẹ́mọ́nì àti òórùn sínámọ́nì ló ń tan ẹnu jẹ, torí àwọn gan-an lẹnu ti mọ̀ mọ́ páì ápù.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ápù wọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1930, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń ta ápù kiri ìgboro New York, sẹ́ǹtì 5 lẹ́yọ kan. Ápù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò débi pé àwìn ni wọ́n ń gbé e fún wọn. Ṣé ohun tó wọ́n là ń tà báyẹn?

Páì náà ti wà kí Ritz tó dé. Láti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń fi bísíkíìtì lásán ṣe é, nígbà òtútù tí ápù bá ti tán nílé. Inú agbá ni bísíkíìtì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù láyé ìgbà yẹn, ọ̀rinrin a sì máa bà á jẹ́. Ní 1898 ni National Biscuit Company, tí a wá mọ̀ sí Nabisco, gbé bísíkíìtì kan tó ń jẹ́ Uneeda jáde, wọ́n fi bébà alábẹ́là wé e sínú páálí kí ọ̀rinrin má bàa dé ibẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló gbé Ritz jáde ní 1934. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó ń rán èèyàn létí àwọn òtẹ́ẹ̀lì olówó tí César Ritz, ọmọ Switzerland, dá sílẹ̀, kí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ náà lè tọ́ ọlá wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe páì yìí sára páálí. Ọgbọ́n ọjà pọ́ńbélé! Páì kan ṣoṣo, bísíkíìtì 36 ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fi lẹ́mọ́nì ṣahun o. Bí kò bá sí níbẹ̀, bísíkíìtì rírọ̀ tó kàn dùn ṣáá lẹ máa jẹ.